Ewúro, ata ilẹ̀ pupa àti jẹjẹrẹ ìfun: èyí tójú mi rí

Àǹtí tó bèèrè pé ṣé kí bàbá wọn fi kímò, ìyẹn oògùn tí ọsibítù fi ń pa jẹjẹrẹ, sílẹ̀ kí wọ́n máa mu omi ewúro àti ata ilẹ̀ pupa (turmeric), torí wọ́n rí i nínú fídíò pé ó ń pa jẹjẹrẹ ìfun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni jẹjẹrẹ ìfun yìí ṣe n'Íléṣà níbí, èmi ni mo ń gbé e lọ gbé e bọ̀, ẹnì kankan ò sọ ọ́ fún mi o.

Gbogbo ohun tó wà nínú fídíò yẹn kọ́ ni irọ́. Ara igi ni díẹ̀ nínú kímò fúnra ẹ̀ ti wá. Irinotecan, kímò tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi, igi kan ní Ṣáínà ni baba ńlá ẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ló yọ èròjà kan tó ń jẹ́ camptothecin jáde lára igi náà, wọ́n gbé e síta ní 1966. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá fún àwọn aláìsàn ní nǹkan ọ̀hún, àwọn míì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n bá pa á tì. Àwọn ará Japan ló padà tún un tò di irinotecan, kó tó di èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ ìfun ní 1996. Ọdún 30 lórí igi kan ṣoṣo! Ẹnì kan á wá po ewé mẹ́ta pọ̀ lánàá, ó ní òun ti rí oògùn jẹjẹrẹ.

Ata ilẹ̀ pupa ńkọ́, curcumin inú ẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú abọ́ láàbù lóòótọ́, mi ò ní bá yín jiyàn. Wàhálà ẹ̀ ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, téèyàn bá gbé e mì, inú ìfun ló pọ̀ jù sí, tó bá yá á bá ìgbẹ́ jáde. Ìdí nìyẹn táwọn oníwádìí fi ń gbìyànjú ẹ̀ fún ìfun, torí ó ń kan ibẹ̀. Tí jẹjẹrẹ bá wá ti lọ sẹ́dọ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó máa débẹ̀? Àwọn kan á ní ẹ fi ìyèré sí i. Piperine inú ìyèré máa ń jẹ́ kó wọlé lóòótọ́, àmọ́ ó lè jẹ́ kí oògùn míì náà pọ̀ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ewé míì tún wà tí àwọn òyìnbó ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, St John's wort, ìyẹn máa ń dín agbára irinotecan kù ni, wọ́n ti dán an wò lára èèyàn.

Ẹ wá gbọ́ ti àgbo. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ ń bá ìgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jáde, gbogbo àdúgbò ló ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ní ṣúgà ló ń jẹ jù. Ìgbà tí wọ́n ti kámẹ́rà bọ ojú ìdí ẹ̀ la tó mọ ohun tó jẹ́. Síbẹ̀ náà, kò pẹ́ tó gba kímò tán lọ́jọ́ kan, mọ̀lẹ́bí wa kan ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá láti ọjà Atakúnmọ̀sà, inú ike omi ló wà, ó dúdú, kán-ún ń rùn lára ẹ̀, èmi ò sí nílé. Irinotecan fúnra ẹ̀ máa ń mú kéèyàn pọ́ọ̀jì, àgbo yẹn náà torí kéèyàn lè pọ́ọ̀jì ni wọ́n ṣe ń sè é! Kílẹ̀ tó mọ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi ti jìn wọnú, ètè ẹ̀ bó, kò lè dìde lórí póò. Díríìpù la sáré lọ gbà. Kímò tó kàn, wọ́n sún un síwájú, torí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò lè gbé e.

Dókítà ẹ̀ ò bínú sí ewúro inú ọbẹ̀ o, ó ní kó máa jẹ ẹ́ tó bá ti wù ú jẹ. Omi ẹ̀ tí wọ́n fún sínú kọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ àti kápúsù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò fẹ́. Torí náà, gbogbo ohun tí bàbá ń mu, àtèyí tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì (wọ́n máa ń fi pamọ́!), ẹ kó o sínú náílọ́ọ̀nù kan, ẹ gbé e lọ bá dókítà kí wọ́n tó gba kímò mìíràn.

Kí lorúkọ kímò tí wọ́n ń fún wọn gan-an, ṣé jẹjẹrẹ náà sì ti kúrò nínú ìfun àbí ibẹ̀ ló ṣì wà? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá sọ ohun tí ẹ máa bi wọ́n tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù.