Àgádágodo nìkan kò lè tọ́jú sìmẹ́ǹtì

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé ní Iléṣà. Ẹ ní òjò ò kan sìmẹ́ǹtì yín, ẹ ti yàrá pa, síbẹ̀ ó le bí òkúta. Mo gbà yín gbọ́. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ń ṣe, irú rẹ̀ ti ṣojú mi rí. Ilẹ̀ ló ṣe é. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin ń ti inú ilẹ̀ àti ara ògiri tí a ò tíì rẹ́ jáde, sìmẹ́ǹtì á sì máa fà á mu díẹ̀díẹ̀. Àgádágodo lè dá olè dúró, kò lè dá ọ̀rinrin dúró.

Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ to sìmẹ́ǹtì sórí ilẹ̀ lásán, ó ní fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Òjò ò dá, irin ò tètè dé, ọjọ́ díẹ̀ di oṣù. Nígbà tí a fẹ́ da dẹ́kì, gbogbo àpò ìsàlẹ̀ ti gan. Ọjà Atákúnmọ̀sà ni ìyá tó ni ilé náà ti ń ṣòwò. Bó ṣe dúró tó ń wo àwọn àpò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, kí ẹ tẹ́ pákó lé e, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kí ó jìnnà sí ògiri ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má tò ó ju àpò 10 lọ sókè: àpò kan wúwo tó 50 kílò, bí ó bá wó lu èèyàn, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ẹ fi èédú kọ ọjọ́ tó dé sára àpò, èyí tó kọ́kọ́ dé ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bó bá ti ju oṣù 3 lọ, agbára rẹ̀ ti ń dín kù.

Ohun tó tún ń dùn mí ní sáìtì ni pákó tó ní ìṣó lára. Wọ́n á já a kúrò lára kọnkéré, wọ́n á jù ú sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá yọ ọ́. Lébírà tó ru páànù kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, sílípáàsì ló sì wọ̀. Ẹni tó bá já pákó ni kí ó yọ ìṣó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó jù ú sínú kóńgò. Ẹni tí ìṣó bá gún, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Epo pupa kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Ní ti àwọn àpò tó ti le yẹn, ẹ yí wọn nílẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá tú, ìwúwo àwọn tó wà lókè rẹ̀ ló kàn tẹ̀ ẹ́, ó ṣì dára. Èyí tó ní kókó tí ìka lè rún, ẹ kù ú, kí ẹ fi rẹ́ ògiri. Èyí tó jẹ́ pé òòlù ló lè fọ́ ọ, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó fún òpó tàbí dẹ́kì yín, bó ti wù kí ó bẹ̀ yín tó. Ẹ fi dí kòtò ojú ọ̀nà.