Ṣé kí n tún sanwó kóòdù fún géèmù àlòkù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ra PS3 àlòkù fún ọmọ mi, wọ́n fi FIFA 13 kún un. Ó ń gbá a dáadáa nílé, àmọ́ kò lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní London gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó tà á fún mi ní wọ́n ti lo kóòdù Online Pass tó wà nínú páálí rẹ̀, pé kí n mú owó òmíràn wá. Ṣé kí n san án? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀, Màmá. Electronic Arts (EA) tó ṣe FIFA 13 ti pa àwọn kọ̀ǹpútà tó ń so àwọn tó ń gbá a pọ̀. Bí kóòdù tuntun bá tiẹ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ lónìí, kò ní í ṣiṣẹ́ kankan. Èyí tí ọmọ yín ń gbá nílé kò nílò kóòdù rárá.

Ọdún 2010 ni EA gbé Online Pass jáde, orí Tiger Woods PGA Tour 11 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó bá ra àwo géèmù tuntun á bá kóòdù nínú páálí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kóòdù náà ń ṣiṣẹ́, àkántì ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló sì ń lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wá ra àwo yẹn ní àlòkù á san dọ́là 10 fún EA kó tó lè gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Sony tó ṣe PS3 ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú géèmù Resistance 3 ní 2011, Ubisoft, iléeṣẹ́ géèmù mìíràn, náà ò gbẹ́yìn. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bíi GameStop ní Amẹ́ríkà bá ra àwo lọ́wọ́ oníbàárà tó sì tún un tà, kò sí ohun tó ń kàn wọ́n níbẹ̀.

Wọ́n ní owó kékeré kọ́ ni àwọn kọ̀ǹpútà náà ń ná wọn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ta àwo rẹ̀ ti kúrò lórí pápá, àyè rẹ̀ lẹni tó rà á bọ́ sí. Owó àyè yẹn ti wọlé láti ìgbà tí wọ́n ta àwo náà ní tuntun, kí ló dé tí wọ́n á tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì? Ó máa ń ká mi lára, torí àwọn tí kò lówó àwo tuntun, àwọn ọmọ tó ń pààrọ̀ àwo láàárín ara wọn, ni ẹrù náà ń já lé. Ní oṣù Karùn-ún 2013, EA fúnra wọn pa á tì.

Àwo PS4, ẹ̀rọ tó tẹ̀lé PS3, kì í sábà béèrè irú kóòdù yẹn. PS Plus, owó àsansílẹ̀ tí Sony ń gbà, lẹ máa bá pàdé níbẹ̀: ọ̀pọ̀ géèmù PS4 ò ṣeé gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan án, ì báà jẹ́ àwo tuntun tàbí àlòkù. Àwọn ọ̀fẹ́ bíi Fortnite ò béèrè rẹ̀.

Bí ontajà bá sì ní géèmù ti kún inú PS4 tó fẹ́ tà fún yín, ẹ béèrè àwo wọn. Èyí tí kò bá ní àwo, orí àkántì òǹtajà náà ló wà. Ẹ ní kó yọ àkántì náà kúrò lórí ẹ̀rọ níṣojú yín, kí ẹ tún ṣí géèmù kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó kówó sílẹ̀.