Ìbéèrè Òǹkàwé: Ọwọ́ microRNA Nínú Ìtànkálẹ̀ Jẹjẹrẹ Ìfun Ńlá

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn dókítà ti yọ kókó jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun ńlá ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní àrùn náà ti dé ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kà á pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní microRNA ló ń mú jẹjẹrẹ tàn kálẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé oògùn wà tí ó lè ká a lọ́wọ́ kò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín, Olódùmarè yóò fún un ní àlàáfíà. Òótọ́ ni pé microRNA lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́, oríṣiríṣi rẹ̀ ló sì wà: òmíràn ń ti jẹjẹrẹ síwájú, òmíràn ń fà á sẹ́yìn.

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àṣẹ inú jíìnì ni a máa ń dà kọ sórí RNA òjíṣẹ́, kí sẹ́ẹ̀lì tó fi ṣe purotéènì. RNA kúkúrú ni microRNA, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí lẹ́tà àbùdá 22 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so mọ́ RNA òjíṣẹ́, kí iṣẹ́ tí ìyẹn ń jẹ́ má baà yọrí. Lára aràn kékeré kan ni Victor Ambros àti Gary Ruvkun ti ṣàwárí rẹ̀ ní 1993, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2024.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé microRNA kan tí wọ́n ń pè ní miR-200. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú ìfun ńlá di ara wọn mú bí bíríkì tí sìmẹ́ńtì mú, purotéènì tí ó ń so wọ́n pọ̀ sì ni E-cadherin. Purotéènì mìíràn, ZEB1, a máa dènà E-cadherin; miR-200 ni kì í jẹ́ kí ZEB1 pọ̀. Nígbà tí miR-200 bá dín kù nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ZEB1 yóò gbilẹ̀, E-cadherin yóò lọ sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà yóò jáwọ́ lára àwọn tí ó yí i ká, yóò sì máa rìn títí yóò fi wọ iṣan ẹ̀jẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí ó kúrò ní ìfun ńlá sábà máa ń kọ́kọ́ gbà kọjá, ìdí nìyí tí jẹjẹrẹ ìfun fi máa ń tètè dé ibẹ̀. Ti microRNA mìíràn, miR-21, yàtọ̀: ṣe ni ó máa ń pọ̀ jù, a sì máa tẹ purotéènì PDCD4 àti PTEN, tí ó yẹ kí wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu, mọ́lẹ̀.

Ibi tí ó díjú jù, tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, nìyí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi kókó inú ẹ̀dọ̀ wé ti ìfun tí ó ti wá, wọ́n rí i pé miR-200c, ọ̀kan nínú ìdílé miR-200, tún ti pọ̀ sí i ní ti ẹ̀dọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó jáwọ́ kí ó lè rìn tún gbọ́dọ̀ di ara mú kí ó tó lè tẹ̀dó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kàn ń fún aláìsàn ní miR-200 lè dènà àwọn tí ó fẹ́ gbéra, kí ó sì máa ran àwọn tí ó ti gúnlẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ti oògùn, kò tíì sí èyí tí a fi microRNA ṣe tí wọ́n fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ. Wọ́n dán oògùn MRX34, àwòkọ microRNA kan tí ń jẹ́ miR-34a, wò lára àwọn aláìsàn, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró ní 2016 nítorí ìpalára ńlá tí ó mú bá ètò ààbò ara. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta oògùn microRNA fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ẹ kúkú bi dókítà bóyá iṣẹ́ abẹ lè yọ àwọn kókó inú ẹ̀dọ̀ náà, nítorí ó ṣeé ṣe fún àwọn kan. Kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ti yẹ jíìnì RAS àti BRAF, àti MSI (àmì pé sẹ́ẹ̀lì kò lè tún àṣìṣe inú DNA rẹ̀ ṣe dáadáa), wò lára jẹjẹrẹ náà, torí àbájáde rẹ̀ ni wọn yóò fi mọ oògùn tí ó bá a mu.