Afẹ́fẹ́ tútù, yìnyín tó ń yọ́: ìbéèrè láti Àjàṣẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Àjàṣẹ́ níbí. Mo sọ ní kíláàsì pé afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó ń yọ́ yìnyín Àǹtákítíkà, ilẹ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Ọmọ kan bá bi mí pé: "Ṣé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tutù ni?" Kí ni kí n dá a lóhùn, kí sì ni mo lè fi hàn wọ́n?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Olùkọ́. Ọmọ yẹn ń ronú. Omi òkun ló ń jẹ yìnyín náà láti abẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣílẹ̀kùn fún omi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkun tiwa. Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, omi etí òkun wa máa ń tutù ju ti ìgbà yòókù lọ. Ẹ bi àwọn apẹja Kútọnu. Afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó ń fà á. Bó bá ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, yíyí tí ayé ń yí á mú kí omi òkè yà sọ́tùn-ún, sí gúúsù, kúrò létí ilẹ̀. Omi tútù ìsàlẹ̀ á sì gòkè wá rọ́pò rẹ̀.

Ní Àǹtákítíkà, omi òkè ló tutù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, iyọ̀ rẹ̀ sì kéré. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wà nísàlẹ̀, ní ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan, torí iyọ̀ mú un wúwo. Bíi dígíríì 1 ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín: omi òkun ń dì ní nǹkan bíi dígíríì 1.9 sísàlẹ̀ òdo, nítorí náà ooru yẹn tó yìnyín jẹ. Lọ́hùn-ún, torí pé ìdajì gúúsù ayé ni, òsì ni omi ń yà sí. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn a máa kó omi tútù jọ sétí ilẹ̀, a sì máa tẹ omi wọ́ọ́rọ́ mọ́lẹ̀. Bó bá rọlẹ̀, tàbí tí ti ìwọ̀-oòrùn gba ipò rẹ̀, omi wọ́ọ́rọ́ á gba inú àwọn ọ̀gbun tí yìnyín ayé àtijọ́ gbẹ́ sísàlẹ̀ òkun wọlé, títí dé abẹ́ Thwaites àti Pine Island, àwọn odò yìnyín, ìyẹn yìnyín ńlá tó ń rọra ṣàn láti orí ilẹ̀ lọ sókun.

Òmíràn á ní yìnyín tó léfòó kì í fi kún òkun bó bá yọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ òun ló ń dá èyí tó wà lórí ilẹ̀ dúró. Nígbà tí Larsen B, pẹpẹ yìnyín kan tó léfòó ní Àǹtákítíkà, fọ́ ní 2002, àwọn odò yìnyín ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Thwaites nìkan, bó bá lọ tán, á gbé òkun ayé sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 65.

Yíyọ́ yìí sì lè yí pa dà fúngbà díẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé ọ̀dọ̀ odò yìnyín Jakobshavn ní Greenland ní 1997, odò yìnyín náà sì ń sáré, ó ń tín-ín-rín. Ní 2016 omi ibẹ̀ tutù, odò yìnyín náà rọra, ó tún nípọn fún ọdún mélòó kan.

Fún kíláàsì, ẹ wá ike gígùn tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Ẹ po iyọ̀ gíráàmù 10 mọ́ lítà omi kan, kí ẹ kán yíǹkì sí i, kí ẹ dà á sísàlẹ̀. Ẹ rọra da omi aláìníyọ̀ tó tutù láti inú fìríìjì lé e, kó gba ẹ̀yìn ṣíbí kọjá, kó ga tó ìka méjì. Ẹ wá fi fáànù kékeré fẹ́ ojú omi láti ẹ̀gbẹ́ kan: omi aláwọ̀ á gòkè níhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Bí iná bá lọ, abẹ̀bẹ̀ á ṣe é, kí ọmọ méjì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

Ẹ má lo gíráàmù 35 bíi ti òkun gan-an. Omi ìsàlẹ̀ á wúwo jù, kò ní fẹ́ẹ́ mira. Ẹ má sì lo omi gbígbóná fún ìsàlẹ̀: á fúyẹ́, á dà pọ̀ mọ́ ti òkè. Bí ẹ bá yára da omi, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà pé ike kì í yí bí ayé ṣe ń yí, ìdí nìyẹn tí omi inú rẹ̀ fi ń bá afẹ́fẹ́ lọ tààrà láìyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan.