Hìjáàbù, ṣòkòtò àti akoto fún obìnrin tó ń gun ẹṣin

Ìbéèrè: Àsàlámù aléékùmù, Alfa. Mo ń kọ́ ẹṣin gígùn ní Adó-Èkìtì. Olùkọ́ wa ní jálàbíà kò yẹ orí gàárì, kí n wọ ṣòkòtò, kí n sì dé akoto. Ṣé ẹ̀sìn gbà á? Ṣé mo lè fi bàtà tí a fi ń gun ẹṣin kírun?

Ìdáhùn: Wà aléékùmù sàlámù, arábìnrin mi. Ọlọ́hun ka ẹṣin mọ́ ohun tí Ó dá fún wa láti máa gùn (Súúrà An-Nahl, áyà 8). Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ. Jálàbíà tí a kò là máa ń ká dé itan bí ẹ bá ti jókòó, ìhòòhò á hàn. Etí rẹ̀ tún lè há mọ́ gàárì, kí ẹṣin máa wọ́ yín nílẹ̀ lọ bí ẹ bá ṣubú.

Ẹ ní kí télọ̀ rán ẹ̀wù tó kọjá orúnkún, kó là á níwájú àti lẹ́yìn, kó lè pín sí ọ̀tún àti òsì gàárì. Ṣòkòtò abẹ́ rẹ̀, kó fẹ̀ níbi itan, kó fún díẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀. Aṣọ òwú ló dára jù nínú ooru wa. Ojú rírán tó ki nínú itan ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ, òun ló ń bó èèyàn lára. Ṣòkòtò tí a rán fún obìnrin, tí ẹ̀wù gígùn bò mọ́lẹ̀, kì í ṣe fífara wé ọkùnrin.

Hìjáàbù ìlọ́po kan ni kí ẹ fi sábẹ́ akoto, èyí tí kò fi irun hàn. Ẹ má di kókó sẹ́yìn orí, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ há a: bí ẹ bá forí gbálẹ̀, ó lè gún yín. Ẹ ki etí rẹ̀ bọ ọrùn ẹ̀wù, kí ẹ̀wù fúnra rẹ̀ bo àyà dáadáa. Kí iwájú akoto fi ìka méjì ga ju irun òkè ojú lọ. Akoto tó bá ti gbá nǹkan líle, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí kò tilẹ̀ sán, torí fóòmù inú rẹ̀ ti rún.

Bàtà aláwọ tó bo kókósẹ̀ ni kí ẹ rà, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, kí ẹsẹ̀ má baà yọ́ kọjá nínú irin tí à ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ lórí àlùwàlá pípé, ẹ lè fi ọwọ́ tútù pa orí bàtà náà dípò fífọ ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún ń ṣe àlùwàlá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fún ẹni tó wà nílé ní wákàtí 24 láti máa ṣe bẹ́ẹ̀, arìnrìn-àjò ní 72. Òógùn ẹṣin kò ba ìrun jẹ́. Ti ìgbẹ́ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé. Ẹ nu abẹ́ bàtà mọ́ nílẹ̀ kí ẹ tó fi kírun. Bí mọ́sálásí bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ bọ́ ọ. Bí ẹ bá sì ti pa orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fọ ẹsẹ̀ yín kíá kí ẹ tó kírun.