Ọmọ mu kẹrosíìnì: ṣé epo pupa ló kàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Lánàá, ọmọ mi ọmọ ọdún méjì mu nínú kẹrosíìnì tí mo rọ sínú ike omi. Ìyá ọkọ mi rọ epo pupa sí i lẹ́nu títí ó fi bì. Ó ti ń ṣeré báyìí. Ṣé ohun tó yẹ la ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú Màmá sáré gbé ìgò epo, ohun tí wọ́n bá nílé náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì.

Ẹ̀dọ̀fóró ni kẹrosíìnì ń bàjẹ́ jù, kì í ṣe ikùn. Díẹ̀ tó bá ṣìnà gba ọ̀nà èémí, ọṣẹ́ ńlá ló ń ṣe níbẹ̀. Bí ọmọ bá wá ń bì, kẹrosíìnì yẹn á tún gba ọ̀fun kọjá lẹ́ẹ̀kejì, àyè á sì tún ṣí sílẹ̀ fún un láti yà sí ẹ̀dọ̀fóró. Epo pupa tí a ń rọ sí ọmọ tó ń ké lẹ́nu náà lè bá ibẹ̀ wọlé.

Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, bọ́ aṣọ tó bá ta sí, fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kó o gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kó o mú ike náà dání. Ó kéré tán, wákàtí 6 la fi ń ṣọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, torí ìṣòro mímí lè má tètè yọjú.

Ní ti ọmọ yín, ẹ gbé e lọ lónìí kí wọ́n yẹ àyà rẹ̀ wò, bó tilẹ̀ ń ṣeré. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ ká síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ wo ìhà rẹ̀. Bó bá ń wọnú bó ṣe ń mí, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tó ń wúkọ́, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó ń sùn ṣáá, ẹ má ṣe dúró gbọ́únjẹ rárá.

Ike omi yẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Kẹrosíìnì mọ́ gaara bí omi, òùngbẹ sì ń gbẹ ọmọ. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹ dà á padà sínú gálọ́ọ̀nù tirẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ dé e pinpin, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó, kódà bó bá gun àga.