Láti Orí Ọpọ́n Onígi Dé Ìsọ̀ Tó Lé ní 500: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Games Workshop

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí ní Abẹ́òkúta, ọpọ́n ayò sì wà lára ohun tí mo ń gbẹ́ tà. Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní Birmingham sọ fún mi pé ọpọ́n ayò ni ilé-iṣẹ́ Games Workshop, tó ní ìsọ̀ eré orí tábìlì káàkiri àgbáyé, fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọn kò gbẹ́ ọpọ́n mọ́?

ÌDÁHÙN: Ọmọ àbúrò yín kò purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpọ́n ayò nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe. Ní ọdún 1975, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan náà ní Altrincham, ìyẹn Ian Livingstone, Steve Jackson àti John Peake, jọ ń gbé nínú ilé tí wọ́n háyà ní Shepherd's Bush, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Peake ni iṣẹ́ ọwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń fi igi ṣe pátákó eré backgammon, ti Go, àti ọpọ́n eré oníhò tí àwọn òyìnbó ń pè ní mancala, èyí tí ayò wa jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ẹbí rẹ̀.

Ìwé pélébé kan ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní oṣù kejì ọdún 1975 yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìròyìn eré kan tí wọ́n pè ní Owl and Weasel, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbọ́ pé ó fẹ́ràn eré. Ẹ̀dà kan bọ́ sọ́wọ́ Brian Blume ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ TSR, tí wọ́n gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní ọdún 1974. Nínú eré yìí, ẹnì kan ni yóò máa pìtàn bí apàlọ́, àwọn yòókù yóò máa sọ ohun tí akọni tí kálukú wọn dúró fún fẹ́ ṣe, dáìsì ni yóò sì pinnu bóyá ó ṣe é yọrí. Blume fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ṣe é wò, ó dùn mọ́ wọn, ni wọ́n bá béèrè fún ẹ̀dà 6. Ẹ̀dà 6 péré! Lórí ọjà tí kò tó nǹkan yìí ni TSR fi gbà pé Livingstone àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò máa tà á ní gbogbo Yúróòpù fún ọdún 3. Ó dá mi lójú pé àwọn méjèèjì kò tíì mọ iye tí ọjà náà yóò pa. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, àdéhùn náà kì bá tí rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Eré iwin àti idán kò wu Peake rárá, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1976. Bí ẹni tó mọ igi í gbẹ́ ṣe lọ tán, ọ̀rọ̀ ọpọ́n náà bá a lọ. Ohun tí mo lè sọ fún yín nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀gá wa: kì í ṣe pé ọpọ́n kò tà, ọwọ́ tó ń gbẹ́ ẹ ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbèrò láti ṣí ìsọ̀ eré ní Ìbàdàn. Ìgbà wo ni Games Workshop ṣí ìsọ̀ àkọ́kọ́, báwo ni ìsọ̀ kan ṣe di púpọ̀, ibo ni owó sì ti wá?

ÌDÁHÙN: Oṣù kẹrin ọdún 1978 ni, ní ojúlé 1, Dalling Road, ní Hammersmith. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ọdún 3 gbáko ni wọ́n fi ṣòwò kí wọ́n tó ní ilẹ̀kùn tí oníbàárà lè ṣí wọlé. Àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń lò, nítorí náà àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibẹ̀, wọ́n rò pé ìsọ̀ ni àwọn yóò bá, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú onílé, tó sì ní kí wọ́n kó jáde. Livingstone àti Jackson gba ọ́fíìsì kótópó kan lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn tó ń báni wá ilé. Owó tí yóò gba yàrá kò sí mọ́, inú ọkọ̀ Jackson ni wọ́n ń sùn fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ ní kíláàbù àwọn tó ń gbá skọ́áàṣì kí wọ́n lè ríbi wẹ̀ kí wọ́n sì ríbi fá irùngbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò ìyà yẹn, wọ́n ń kó àwọn eléré jọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1977, ìwé ìròyìn tó nípọn jù ti àkọ́kọ́ lọ, White Dwarf, gba ipò Owl and Weasel, ẹ̀dà 4,000 ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìsọ̀ Hammersmith, àwọn ènìyàn ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan lò ní Ìbàdàn, èyí ni kí ẹ mú: ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tó ń ṣeré, kí ẹ tó sanwó ìsọ̀.

Títa ọjà ọlọ́jà kò lè gbé wọn jìnnà, wọ́n sì tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1979, wọ́n fi owó lélẹ̀ láti dá ilé-iṣẹ́ Citadel Miniatures sílẹ̀ pẹ̀lú Bryan Ansell ní Newark-on-Trent. Ère jagunjagun kéékèèké, tí gíga rẹ̀ tó bíi mìlímítà 25, ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọn yóò yọ́ irin tí òjé wà nínú rẹ̀, wọn yóò dà á sínú àwo rọ́bà tí àwòrán ère ti wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì máa yí àwo náà bírí kí òjé gbígbóná lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀, títí dé orí ìka àti ẹnu idà. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ o. Ère kan ṣoṣo, èyí tó dúró fún akọni rẹ̀, tó ẹni tó ń ṣe Dungeons & Dragons. Ní ọdún 1983 ni Ansell, Rick Priestley àti Richard Halliwell wá gbé Warhammer jáde, eré ogun tí eléré kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun kí ó tó lè bá ẹlòmíràn jà. Èyí ni ìdáhùn tòótọ́ sí ìbéèrè yín nípa owó: ẹni tí ìbá ra ère kan wá ń ra ọ̀pọ̀lọpọ̀, pẹ̀lú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì tí yóò fi kùn wọ́n. Warhammer 40,000, tí ogun tirẹ̀ wà ní ojú ọ̀run lọ́jọ́ iwájú, tẹ̀lé e ní ọdún 1987.

Láàárín àkókò yìí, agbára ti ń bọ́ sọ́wọ́ Ansell, ilé-iṣẹ́ náà kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Nottingham, ìsọ̀ wọn sì dáwọ́ títa eré ẹlòmíràn dúró díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku tiwọn nìkan. Àwọn eléré àtijọ́ tó ti ń ka White Dwarf nítorí oríṣiríṣi eré kò dùn sí i, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ní tí èrè, ìpinnu yẹn ló sọ ìsọ̀ náà di ọlọ́rọ̀, nítorí pé àwọn ló ń ronú eré, àwọn ló ń rọ ère, àwọn ló ń tà á, alágbàtà kankan kò sì sí láàárín. Livingstone àti Jackson, tí ìwé eré tí wọ́n jọ kọ fún ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé Puffin láti ọdún 1982 ti gbà lọ́kàn púpọ̀, ta ìpín wọn ní ọdún 1991 fún àwọn alákòóso tí Tom Kirby ṣáájú. Ọdún 1994 ni ilé-iṣẹ́ náà wọ ọjà ìpín ìdókòwò ti Lọ́ńdọ̀nù.

ÌBÉÈRÈ: Peckham ni mo wà. Ìsọ̀ Warhammer tí ọmọ mi ń lọ kéré, ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ń wà níbẹ̀. Ṣé ọjà kò lọ fún wọn mọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Games Workshop wọ inú àwọn ilé-iṣẹ́ 100 tó tóbi jù lórí ọjà ìpín Lọ́ńdọ̀nù. Lóòótọ́, wọ́n rí ìṣubú rí: ère tí wọ́n ṣe láti inú fíìmù The Lord of the Rings, láti ọdún 2001, tà wàràwàrà, ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo fíìmù náà rọlẹ̀, ọjà rọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, owó ìsọ̀ ńláńlá àti owó oṣù sì di ẹrù. Ìsọ̀ kékeré tí ẹnì kan lè dá mójú tó ni wọ́n wá gbájú mọ́, èyí ló sì jẹ́ kí wọ́n lè ní ìsọ̀ tó lé ní 500 lónìí. Apá tó pọ̀ jù nínú owó wọn kò tilẹ̀ wá láti inú ìsọ̀ tiwọn, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò mìíràn tó ń ra ọjà wọn tà ló ti ń wá. Iṣẹ́ ìsọ̀ tí ọmọ yín ń lọ ni láti sọ ẹni tí kò mọ eré náà di eléré. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ẹ bá a lọ, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó wà ní ìsọ̀ pé ẹ ò kun ère rí. Wọn yóò fún yín ní ọ̀kan kùn lọ́fẹ̀ẹ́.